Ilé Tó Tutù, Owó Iná Tó Mọ Níwọ̀n: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ lóde òní kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Tó bá ti di oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé kò ní lè wọ yàrá sùn títí di ọ̀gànjọ́. Àwọn ọmọdé á máa làágùn lórí ibùsùn. A tan fáànù, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́ sí wa lára. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, tó ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun níbi tí wọ́n ti gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ kọjá ₦200.

Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé báyìí fi ń sọ pé òun máa gbé sólà sórí rẹ̀. Èrò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé ilé tó ń jẹ iná díẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí sólà. Orí púláànù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé bá tutù fúnra rẹ̀, sólà kékeré á tó o. Bí ilé bá gbóná, ẹ ó kàn máa ra sólà ńlá láti fi bá ooru tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ jà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ilé oníyàrá mẹ́ta kan ṣe àpẹẹrẹ, ká tẹ̀lé e láti orí ìwé títí dé ọjọ́ tí ìdílé yóò kó wọ inú rẹ̀.

Ibi tí ilé kọjú sí

Nílẹ̀ Yorùbá, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba orí wa kọjá gan-an. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, ló máa ń wà lókè orí èèyàn ṣánṣán lọ́sàn-án gangan. Nítorí náà, ohun tó ń gba ooru jù lára ilé ni òrùlé, lẹ́yìn náà ni ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ti ìwọ̀-oòrùn ló le jù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń ta sí i, búlọ́ọ̀kù á fa ooru náà mọ́ra, á wá máa tú u sínú yàrá lálẹ́ nígbà tí a fẹ́ sùn.

Ohun tó yẹ ni kí àwọn ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí àwọn ògiri kúkúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ètò yìí tún ní àǹfààní mìíràn fún ìdílé Mùsùlùmí. Láti ilẹ̀ Yorùbá, ìlà-oòrùn tó yẹ̀ díẹ̀ sí apá àríwá ni gábàsì tí a ń kọjú sí kírun wà. Bí ilé bá tò báyìí, ó rọrùn láti jẹ́ kí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò fi ní kọjú tàbí kẹ̀yìn sí Kíbúlà. Ọjọ́ tí a ń ya púláànù ló yẹ ká sọ èyí. Bí wọ́n bá ti ri páìpù mọ́lẹ̀ tán, wíwó ló máa gbà.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń gba irú ètò yìí. Bí pulọ́ọ̀tì bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó wá gùn ní 100 láti àríwá sí gúúsù, ògiri gígùn ni yóò kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà náà, ẹ sọ fún ayàwòrán ilé kí ó kó yàrá ìkẹ́rùsí, balùwẹ̀, àtẹ̀gùn àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Àwọn yẹn ni yóò máa gba ooru, kí yàrá tí a ń sùn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògiri

Búlọ́ọ̀kù yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ló wọ́pọ̀, òun náà sì dára bí a bá dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn tí a sì kùn ún ní ọ̀dà tó mọ́lẹ̀, bíi funfun. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ tutù ju ti wa lọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dá oòrùn dúró, àgbàlá àárín ilé sì ń jẹ́ kí ooru rí ibi gbà lọ sókè.

Lónìí, búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ojú ọ̀nà, wà lára àwọn tó ń polongo rẹ̀. A kì í fi iná sun ún, kò sì pọn dandan ká rẹ́ ẹ. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà ó nílò ìpìlẹ̀ tó ga kúrò nílẹ̀ àti òrùlé tí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa. Ẹ má gbé e fún bíríkìlà tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Fèrèsé: atẹ́gùn àti àṣírí ìdílé

Atẹ́gùn tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò gbà jáde. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè tutù bó ti wù kí fèrèsé náà tóbi tó. Ní ìgbà òjò, láti ọ̀nà òkun, ìyẹn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Ní ìgbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ní ara ògiri méjì, tàbí kí ó ní ihò atẹ́gùn lókè ilẹ̀kùn. Ẹ tún wo irú fèrèsé tí ẹ ń rà: èyí tí a ń tì sọ́tùn-ún sósì, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn máa ń ṣí tán.

Ìṣòro kan wà tó kan ilé Mùsùlùmí gan-an. Bí fèrèsé bá kọjú sí ti aládùúgbò, tọ̀sán tòru ni kọ́tìnì á wà ní bíbò kí àwọn obìnrin ilé lè wà ní ìrọ̀rùn. Àṣírí bò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn dúró síta. Àwọn Mùsùlùmí ìlú bíi Cairo àti Jeddah ti rí ojútùú sí èyí láti ayé àtijọ́. Wọ́n ń fi igi tí a gbẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́ bo ojú fèrèsé. Ẹni tó wà nínú ilé ń rí ìta, ẹni tó wà níta kò rí i, atẹ́gùn sì ń kọjá. Mashrabiya ni wọ́n ń pè é. Hassan Fathy, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì tó gbé ayé láti 1900 sí 1989, lo amọ̀ àti ọgbọ́n àtijọ́ báyìí nígbà tó kọ́ abúlé New Gourna nítòsí Luxor ní àwọn ọdún 1940.

Kò dìgbà tí a bá ra igi láti Cairo. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń tà lè ṣe iṣẹ́ yẹn níwájú fèrèsé. Fèrèsé kékeré tó ga ju orí èèyàn lọ náà ń jẹ́ kí ooru jáde láìsí ẹni tó máa yọjú wolé. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn má sì ṣe wọ́n lójú gbogbo wọn.

Òrùlé

Àṣà tó gbòde báyìí ni kí a mọ ògiri yí òrùlé ká kí páànù má bàa hàn síta. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n òrùlé náà kò ní etí. Oòrùn á máa ta lu ògiri àti fèrèsé ní tààrà, omi òjò á sì máa gbára jọ sẹ́yìn ògiri òkè yẹn. Bí iṣẹ́ náà kò bá mọ́ dáadáa, ilé á máa jò. Etí òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta kò wu ojú tó yẹn, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ oòrùn àti òjò.

Kí páànù jẹ́ aláwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Páànù dúdú tàbí pupa rúsúrúsú máa ń fa ooru mọ́ra. Kí káfíńtà fi ihò tó ní nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé kí atẹ́gùn lè máa kọjá láàárín páànù àti àjà. Kí a sì tẹ́ ohun tó ń dá ooru dúró, bíi bébà onífàdákà, sábẹ́ páànù kí a tó kan àjà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí kò le. Lẹ́yìn tí a bá ti kan àjà tán, ó di wàhálà. Ẹ yàgò fún àjà asbestos, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ní ìta, ẹ má fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Ó ń gbóná lọ́sàn-án, kì í sì í jẹ́ kí omi òjò wọlẹ̀. Ẹ fi ibi koríko sílẹ̀, kí ẹ gbin igi sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀.

Ìṣirò tó ń la èèyàn lójú

Ká fi ₦200 ṣírò yúníìtì kan. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo wáàtì 1,200, bó bá ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró fún wákàtí mẹ́jọ lóru, yóò jẹ yúníìtì 9.6, ìyẹn ₦1,920. Fún ọgbọ̀n òru, ó di ₦57,600. Fáànù wáàtì 75, fún wákàtí mẹ́jọ kan náà, yóò jẹ yúníìtì 0.6, ìyẹn ₦120. Fún ọgbọ̀n òru, ₦3,600 ni. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 mẹ́wàá tí a tàn fún wákàtí márùn-ún ń jẹ yúníìtì mẹ́ta. LED wáàtì 10 mẹ́wàá ń jẹ ìdajì yúníìtì.

Ẹ wá wo ilé wa oníyàrá mẹ́ta. Fáànù mẹ́rin fún wákàtí mẹ́wàá jẹ́ yúníìtì 3. Gílóòbù LED jẹ́ 0.5. Ká fún fíríìjì ní 1.5, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ní 0.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 5.5 lójúmọ́. Bí ilé náà bá gbóná débi tí a fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo sí i, ó di 15.1. Ìyẹn ni pé púláànù tí a kò ronú sí lè jẹ́ ká ra sólà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Sólà àti owó rẹ̀

Nígbà tí a bá dé orí sólà báyìí, ìwọ̀nba ló kù láti rà. Kí ojú páálí sólà kọjú sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku orí rẹ̀. Ẹ rántí pé ìkùukùu oṣù keje àti oṣù kẹjọ máa ń dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà ẹ má fi ti oṣù kejì díwọ̀n. Bátìrì lithium wọ́n ju ti olómi lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Bí owó kò bá pé, àwọn kan á ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Títa ọjà ní àwìn kì í ṣe èèwọ̀ nínú Islam. Èlé ni èèwọ̀. Ní àwọn báńkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz, TAJBank àti Lotus, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní murābahah: báńkì á kọ́kọ́ ra ọjà náà kí ó di tirẹ̀, á wá tà á fún oníbàárà pẹ̀lú èrè tí wọ́n dárúkọ, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ta ló ni ọjà yìí kí wọ́n tó tà á fún mi? Èló ni àpapọ̀ owó tí màá san? Bí mo bá pẹ́ san, ṣé owó náà yóò máa lé? Bí ìdáhùn kò bá yé yín, ẹ gbé ìwé náà lọ bá onímọ̀.

Ẹni tó ti kọ́lé tán ńkọ́?

Kò tíì bọ́. Ẹ lè kun òrùlé ní ọ̀dà funfun tí a ṣe fún páànù, kí ẹ la ihò atẹ́gùn sábẹ́ etí òrùlé, kí ẹ ṣe ìbòrí sí ìta fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ pààrọ̀ gílóòbù, kí ẹ sì gbin igi. Ohun tó ń dá oòrùn dúró níta wúlò ju kọ́tìnì tó wà nínú lọ, nítorí kọ́tìnì, ooru ti wọlé kí ó tó kàn án.

Nínú Sūratu-n-Nahl, Ọlọ́hun ka ilé mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tó ṣe fún wa, pé ó jẹ́ ibi ìfàyàbalẹ̀. Sūratu-l-Isrā' sì kìlọ̀ fún wa nípa ìnákúnàá. Ilé tó tutù láìná àpà kó ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fún bíríkìlà ní owó ìpìlẹ̀, ẹ gbé púláànù yín lọ sórí ilẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, kí ẹ sì béèrè pé: yàrá ta ni yóò wà níbẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ilé àwọn tó ti kọ́, kí Ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún àwọn tó ń gbèrò rẹ̀. Àmín.