Èdè gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Èémí: Àpẹẹrẹ Ìdí-Àràbà ní Ìlú Èkó

1.0 Ìfáàrà

Bébà yìí dá lé ipò tí èdè Yorùbá wà nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú èémí ní yunifásítì. Ìtọ́jú èémí ni iṣẹ́ ríran aláìsàn lọ́wọ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì máa jáde bí ó ti yẹ. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ní orúkọ tirẹ̀. Ìlú Chicago ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1947, ó sì ti di ohun tí ènìyàn ń gba oyè yunifásítì lé lórí lábẹ́ orúkọ 'respiratory therapy'. Ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, tí ó wà ní Ìdí-Àràbà níbi tí Sùúrùlérè àti Múṣin ti súnmọ́ ara wọn, abẹ́ físíótẹ́rápì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ ìṣègùn ni ẹ̀kọ́ náà pín sí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn tí yóò bá pàdé ní wọ́ọ̀dù, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Èrò tí bébà yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé èdè jẹ́ irinṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí sílíńdà ọ́síjìn ti jẹ́ irinṣẹ́, àti pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣìnà, ìtọ́jú náà yóò ṣìnà.

2.0 Bí Ẹ̀kọ́ náà ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1928, Philip Drinker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àpótí irin kan tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí, tí ó ń bá a mí. Ní 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, àpótí irú bẹ́ẹ̀ kò sì tó rárá. Dókítà Bjørn Ibsen dábàá pé kí wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ sí i. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pín iṣẹ́ náà ṣe, tọ̀sán tòru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Iye àwọn tí ń kú dínkù gidigidi. Láti inú iṣẹ́ yìí ni wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe ti jáde.

Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè físíótẹ́rápì, ní 1966. Èkó àti Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní ẹ̀wádún tí ó tẹ̀lé ìyẹn. Òfin 38 ti ọdún 1988 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀.

3.0 Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ ń Kọ́

Ìṣirò ni ó ṣíwájú. Nínú 100 ìdá afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọdé yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí ọmọ oṣù 2 sí 11 tí ó ń wúkọ́ bá mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 5 mí tó ìgbà 40, ó yẹ kí a fura sí òtútù àyà. Bí abẹ́ ìhà ọmọ náà bá tún ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí ó ń gbin, ọ̀ràn náà ti le.

Lẹ́yìn ìṣirò ni iṣẹ́ ọwọ́: bí a ti ń fi ọ́síjìn sí imú, bí a ti ń gbé aláìsàn dùbúlẹ̀ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè ṣàn wá sókè, bí a ti ń kọ́ ọ láti mí. Níbí ni èdè ti wọlé. Ẹni tí ó dákú kò nílò àlàyé, nítorí ẹ̀rọ ni yóò bá a mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lajú ni yóò fi àyà ara rẹ̀ ṣe ìdá tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ni yóò tẹ̀ lé.

4.0 Ibi tí Ọ̀rọ̀ ti ń Ṣìnà

4.1 Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń pàṣẹ

Ẹ jẹ́ kí á gbé àwọn gbólóhùn wọ̀nyí yẹ̀ wò:

(1) a. Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀.
    b. Bàbá, ẹ rọra fa èémí sínú láti imú, títí ìhà yín yóò fi fẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá lè rò pé (1a) ni ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mímí kanlẹ̀ nínú èdè Yorùbá ni ohun tí ẹni tí ó rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ń ṣe. Èémí àjáde ni ó wúwo nínú rẹ̀. Aláìsàn tí ó bá ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí yóò tú afẹ́fẹ́ dà síta, èjìká rẹ̀ yóò sì sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé fífẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. (1b) gùn ju (1a) lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà àti ohun tí ara yóò ṣe.

(2) a. Mà, ẹ fín oògùn yìí sí ẹnu.
    b. Mà, bí ẹ ti ń tẹ oògùn yìí ni kí ẹ máa fà á wọ àyà, kí ẹ sì sé èémí títí n ó fi ka 10.

Lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn ni a mọ̀ pé à ń fín. Ohun tí a bá fín ti parí iṣẹ́ ní ojú ibi tí ó balẹ̀ sí. Ẹni tí ó gbọ́ (2a) yóò fín oògùn náà sórí ahọ́n, yóò sì gbé e mì. Oògùn kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró tó, a ó sì máa rò pé kò ṣiṣẹ́. 'Fà' ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ kún èyí. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bí i lọ́mọ ni ó ń sọ fún pé kí ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ohun tí ó lè ti àgbàlagbà lójú níṣojú ọmọdé. 'Ẹ' àti 'yín' nìkan kò tó. Ó yẹ kí ó tọrọ gáfárà, kí ó sì sọ ìdí ohun tí ó ń béèrè.

4.2 Orúkọ àrùn

Àwọn kan ń pe àrùn tí ń fún ọ̀nà èémí pọ̀, tí í jẹ́ kí àyà máa súfèé, ní 'ikọ́ fée'. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tí àwọn kan tún ń pè ní 'ikọ́ ife'. Ti àkọ́kọ́ kì í ràn. Ti èkejì ń ràn, ó kéré tán oṣù 6 ni a sì sábà máa ń fi lo oògùn rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún ìyá kan ní Múṣin pé ikọ́ fée ni ó ń ṣe ọmọ rẹ̀, láìfi àlàyé kún un, wọ́n lè ya ife àti àwo ọmọ náà sọ́tọ̀ nítorí àrùn tí kò lè ràn ẹnikẹ́ni.

4.3 Èémí àti ẹ̀mí

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe 'mí' ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn ti yà. Èémí ni afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde. Ẹ̀mí ni ohun tí ó bá lọ tí ènìyàn kò sí mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ́síjìn sí nímú ti ń lọ. Ìgbàgbọ́ yìí ní ìdí. Níbi tí ọ́síjìn bá ti ṣọ̀wọ́n, ìgbà tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí ni wọ́n ń gbé e dé. Ikú tẹ̀lé e, wọ́n sì ka ikú náà sí i lọ́rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá sọ fún àwọn ẹbí pé 'ọ́síjìn ni yóò mú ẹ̀mí rẹ̀ dúró' ti jẹ́rìí sí ìbẹ̀rù wọn láìmọ̀. 'Yóò jẹ́ kí mímí rọrùn fún un' ni ó yẹ kí ó sọ. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a fún ọmọ tí òṣùwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 90 nínú 100 lọ ní ọ́síjìn. Bí ìyá bá kọ̀ jálẹ̀ nítorí gbólóhùn kan, ọmọ lè bá a lọ.

5.0 Àbá

Ní 27 oṣù Kejì, 2020, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòfíìdì-19 ti wọ Nàìjíríà. Ilé-ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn, ní Yábàá, ni wọ́n ti tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́. Nínú irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ìbòjú bo ojú òṣìṣẹ́, ìbọ̀wọ́ sì bo ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni aláìsàn fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ èdè níbí kò ṣeé sún síwájú.

Ọ̀nà àtiṣe é ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ àdánwò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, fi bí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó kàn. Bí a bá lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, a lè yá 'ọ́síjìn' wọlé. A lè pe ẹ̀rọ kékeré tí à ń kì bọ ìka ní 'òṣùwọ̀n ọ́síjìn', kí ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí sì jẹ́ 'ẹ̀rọ abánimí'. Kí 'ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀' dúró fún àrùn tí ń ràn nìkan, kí 'ikọ́ aséèémí' sì dúró fún èyí tí kì í ràn.

Ọ̀rọ̀ nìkan kò sì tó. Ó yẹ kí ìdánwò wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi Yorùbá kọ́ àgbàlagbà kan bí a ti ń fa oògùn, kí àgbàlagbà náà sì ṣe é lójú olùkọ́. Bí oògùn bá dúró sórí ahọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì yege.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti ṣàlàyé pé apá kan nínú ìtọ́jú èémí wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń gbé e lé e lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni ó fi gbè é lẹ́sẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe àṣẹ, orúkọ àrùn, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èémí àti ẹ̀mí. Àkọkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ èdè, kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú èémí. Yunifásítì kan náà ni ó ni méjèèjì. Kí àwọn onímọ̀ èdè lọ jókòó ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ kí wọ́n tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.