Bí Sítóòfù Induction Bá Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́: Ẹ Wá Ibi Tí Agbára Iná Ti Ń Sọnù



Nítorí owó gáàsì àti ti èédú tí ó gun òkè, àwọn ìdílé kan nínú wa ti ra sítóòfù induction, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹrẹsẹ. Ó dára, kì í rú èéfín, ó sì máa ń tètè se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni a ń gbọ́: ìyàwó ilé gbé ọbẹ̀ kaná ní ìrọ̀lẹ́, sítóòfù dún pí-pí-pí, ó kọ lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan sójú, ó sì kú. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, wọ́n sanwó, wọ́n gbé e padà wálé, ohun kan náà ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, sítóòfù náà kò bàjẹ́ rárá. Ó ń sọ fún wa pé iná tí ó dé ọ̀dọ̀ òun kò lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ibi tí agbára náà ti ń sọnù, kí a tó ná owó.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń KỌ INÁ?

Fóòtì ni a fi ń wọn agbára tí ń ti iná lọ nínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí omi inú táǹkì gíga ṣe ń ti omi lọ nínú páìpù. Ní Nàìjíríà, 230 fóòtì ni ó yẹ kí ó wọ ilé wa. Sítóòfù àtijọ́ tí irin rẹ̀ máa ń pọ́n kì í ráhùn bí iná bá lọ sílẹ̀. Bí iná bá di 160 fóòtì, ooru rẹ̀ kò ní tó ìdajì mọ́, oúnjẹ á kàn pẹ́ lórí iná ni.

Ti induction yàtọ̀. Wáyà bàbà tí a ká bí òṣùká ni ó wà lábẹ́ gíláàsì náà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí iná padà ní ìgbà tí ó ju 20,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbóná. Bí fóòtì bá kéré, ẹ̀rọ náà lè máa fa iná púpọ̀ sí i kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà dínkù, àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ á sì gbóná jù. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é fi olùṣọ́ sí i tí ń pa á bí iná bá ti kéré jù. Iye fóòtì tí ó ń kú sí kò dọ́gba láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tí ó ń kọ sójú. Ẹ má ju ìwé tí ó bá a wá nù.

Ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́ ni ó lè mú kí ó kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìkòkò wò: bí irin mágínẹ́ẹ̀tì kò bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, sítóòfù yìí kò lè lò ó. Ìdí nìyí tí ìkòkò alumíníọ̀mù lásán kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ tún wo fáànù abẹ́ rẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń dí i, ẹ̀rọ á gbóná, á sì kú.

BÍ A ṢE Ń WỌN INÁ

Sikuru-díráfà tí gílóòbù kékeré ń tàn nínú rẹ̀ kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ó kàn ń sọ pé iná wà ni, kò lè sọ bí ó ti lágbára tó. Ẹ ra mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó sì ń kọ iye fóòtì sójú. Ọ̀pọ̀ mítà alásansílẹ̀ náà ń fi fóòtì hàn bí a bá tẹ nọ́ńbà tí ó wà fún un. Ẹ kò ní láti tú ohunkóhun.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí tí sítóòfù máa ń kọ̀ gan-an. Ẹ pa gbogbo ohun tí ń lo iná, kí ẹ ka iye fóòtì ní mítà ilé àti ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ẹ ki áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì bọ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ẹ tún ka méjèèjì nígbà tí iná áyọ́ọ̀nù ń tàn. Ohun tí áyọ́ọ̀nù yìí bá fà lulẹ̀, sítóòfù 2000 wáàtì yóò fa nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀.

ÌTUMỌ̀ OHUN TÍ A BÁ RÍ

1. Bí fóòtì bá kéré ní mítà nígbà tí a ti pa ohun gbogbo, láti ìta ni. Ó lè jẹ́ pé a jìnnà sí tiransifọ́mà, tàbí pé ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìrẹsì àti àwọn alájórin pọ̀ lórí wáyà kan náà.

2. Bí ó bá dára ní mítà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó já lulẹ̀ níbẹ̀ gan-an nígbà tí áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, ẹ fura sí wáyà tí ó ti òpó wá sílé, tàbí oríkèé rẹ̀ tí ó ti dẹ̀.

3. Bí ti mítà bá dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n tí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì já, inú ilé ni àrùn wà: wáyà tín-ín-rín, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó jóná, tàbí ẹ́kísíténṣọ̀n.

4. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára síbẹ̀ tí sítóòfù ń ráhùn, ìgbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Sítóòfù 2000 wáàtì ń fa nǹkan bí 9 ámpìyà. Bí a bá fi wáyà bàbà 2.5 fa iná láti òpó tí ó jìnnà tó 100 mítà, nǹkan bí 13 fóòtì ni yóò sọnù lójú ọ̀nà. Bí a bá tún fi ẹ́kísíténṣọ̀n tín-ín-rín 0.75 tí ó gùn tó 30 mítà kún un, nǹkan bí 14 mìíràn á lọ. Bí iná òpó bá jẹ́ 200, 173 péré ni ó kù fún ọbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ lo wáyà 2.5 tí ó jẹ́ bàbà gidi fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, kí wáyà láti òpó sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà kí ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, bàbà ojú lásán ni.

STABILIZER ÀTI JẸNẸRÉTỌ̀

Stabilizer kì í dá agbára sílẹ̀. Bí 150 fóòtì bá wọ inú rẹ̀ tí ó sì ń gbé 2000 wáàtì jáde, yóò máa fa ju 13 ámpìyà lọ láti ara wáyà. Bí wáyà bá tín-ín-rín, a ti fi kún ewu nìyẹn. Ẹ tún wáyà ṣe kí ẹ tó rà á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé sítóòfù yìí, kódà bí a bá yí i wálẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fa agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún fà.

ÀMÌ EWU TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FOJÚ FÒ

Bí púlọ́ọ̀gì bá gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, tàbí tí ó ń rùn bí rọ́bà tí ń jó, ẹ pa iná níbi súìṣì, kí ẹ má lò ó mọ́ títí oníná yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Bí gílóòbù kan bá ń tàn yòò tí òmíràn ń ṣú, tàbí tí iná wa ń mọ́lẹ̀ sí i bí ti aládùúgbò ti ń lọ sílẹ̀, ẹ sáré pa súìṣì ńlá. Ó lè jẹ́ pé wáyà níútírà ti já. Fóòtì lè gòkè tó nǹkan bí 400 nínú ilé kan, kí ó jó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí ó dáná sunlé.

Ẹ má ri irin mọ́lẹ̀ láti fi ṣe níútírà. Ó ti ń di àṣà, ṣùgbọ́n ó lè pa ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kan irin náà. Ẹ má tú sítóòfù fúnra yín, nítorí ẹ̀yà inú rẹ̀ lè pa iná tí ó ju 300 fóòtì mọ́ra fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì gun òpó.

BÍ Ó BÁ JẸ́ LÁTI ÌTA

Àwọn kan máa ń yí ilé wọn sí orí fésì tí iná rẹ̀ dára ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí gbogbo wa bá sá lọ síbẹ̀, òun náà á kú. Ohun tí ó tọ́ ni kí a pín ilé káàkiri fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn òṣìṣẹ́ iná ni ó sì ni iṣẹ́ yẹn. Àwọn náà ni ó lè yí ìgbésẹ̀ fóòtì tí ó wà lára tiransifọ́mà sókè díẹ̀.

A ṣì ń pè wọ́n ní NEPA, ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni iṣẹ́ pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kí ìdílé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọn iná wọn fún ọjọ́ méje, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti iye fóòtì sílẹ̀, kí àwọn àgbà abúlé àti àwọn onílẹ̀ tí a ń bá gbé bu ọwọ́ lù ú, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹni tí ó ní "iná wa kò dára" ni wọ́n lè dá padà. Ìwé tí ó ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti sẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.