Gbẹ́ àti Gbẹ: Yíyí Ìrókò Lórí Ẹ̀rọ

Ohùn nìkan ni ó ya "gbẹ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "gbẹ". Oníṣẹ́ ọnà a máa gbẹ́ igi. Igi a sì máa gbẹ. Nínú iṣẹ́ yíyí abọ́ lórí ẹ̀rọ, ẹni tí kò bá mọ bí méjèèjì ti ń tẹ̀ lé ara wọn yóò fi igi ṣòfò, ó sì lè fi ojú tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wewu.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrókò ṣe àpẹẹrẹ, igi ilẹ̀ wa tí àwọn ayígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà gẹ́gẹ́ bí igi òkèèrè. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, omi kún inú rẹ̀. Omi yìí a máa tètè jáde ní ojú ibi tí a ti gé e ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí àìdọ́gba bá wà nínú gbígbẹ rẹ̀, igi a sán.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gbẹ́ abọ́. Ní àkọ́kọ́, a ó yí i ní tútù, a ó sì jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀: abọ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 10 yóò nípọn ní íńṣì 1. A ó fi ìda kun ojú gígé rẹ̀, a ó sì gbé e sí ibòòji, kì í ṣe inú oòrùn. A ó máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ. Yóò ti wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìnípọn tí a fi sílẹ̀ ni a ó fi tún un ṣe nígbà tí a bá yí i lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ayígi má ṣe wọ agbádá tàbí ẹ̀gbà ọrùn sídìí ẹ̀rọ. Kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí igi wò. Kí ó fi eré díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ó bo gbogbo ojú. Kí ó má sì dúró sí ọ̀kánkán igi tí ń yí, nítorí igi tí ó ti sán lè fò.

Eruku ìrókò a máa yún ni lára, a sì máa dí èémí. Àjọ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1995 pé eruku igi a máa fa jẹjẹrẹ. Aṣọ lásán kò tó láti fi bo imú. Ìbòmú tí ń sẹ́ eruku ni ó yẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ètò náà: gbẹ́, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o tún un gbẹ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ti àárín, ẹ má tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.