Nígbà Tí Òfin Bá Sọ̀rọ̀ Láìparí

Iṣẹ́ ọpọlọ jẹ́ dúkìá bí ilé àti ilẹ̀ ti jẹ́ dúkìá. Ṣùgbọ́n ní Èjìgbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo, bí ó ti rí káàkiri Èkó, àwọn ọ̀dọ́ a máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọn a máa da orin fújì àti fíìmù Yorùbá sínú mẹ́mọ́rì káàdì oníbàárà, láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan dé ọwọ́ olórin tí ó fi òru ṣe ọ̀sán, tàbí onífíìmù tí ó jẹ gbèsè kí iṣẹ́ tó parí.

Nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ àtijọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1988, owó ìtanràn ẹni tí ó ṣe ayédèrú fún títà kò lè ju ₦1,000 lọ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tuntun, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, na ọwọ́ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì: ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ dá àkáǹtì ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀ ní àṣẹ̀túnṣẹ̀ dúró.

Ta wá ni aṣẹ̀túnṣẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ti Amẹ́ríkà: òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti 1998 ní kí a já irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n kò sọ iye ìgbà, kò sì sọ bóyá ẹ̀sùn lásán tó, tàbí ilé-ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Ilé-iṣẹ́ Cox, tí ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, gba ibi àlàfo yìí kọjá: ó di ìgbà tí ẹ̀sùn bá pé 13 kí ó tó ro jíjá oníbàárà rò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ orin BMG pè é lẹ́jọ́, ó ní ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi nìkan ni òfin ń bá wí. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ àwíjàre náà ní 2018. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá fi ìkánjú ṣe é, gbogbo agbo-ilé tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ kan. Nítorí náà, kí Àjọ Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà túmọ̀ ìlànà òfin tuntun wa lórí aṣẹ̀túnṣẹ̀ sí èdè Yorùbá, kí ó là á yéni: iye ẹ̀sùn, àkókò tí a fi kà á, àti ọ̀nà tí ẹni tí a fi sùn lè gbà wíjọ́. Ẹ̀yin ará Èjìgbò, bí ìwé ìkìlọ̀ bá dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, ẹ fèsì kíákíá. Bí iṣẹ́ oníṣẹ́ bá sì wù yín, ẹ san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni í.