Nígbà tí bátìrì bá kó lọ sí búùtù

Ẹ lè ti ka ìròyìn kan. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, BMW kéde pé òun ń pe nǹkan bí ọkọ̀ 196,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé kíkì-sítátà wọn, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì, lè gbiná. Omi ń jò wọ inú rẹ̀, irin ibẹ̀ ń dípẹtà, ó ń gbóná, iná sì lè sọ, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ ń rìn tàbí pé wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, kí oníkálukú máa gbé ọkọ̀ tirẹ̀ síta, kó jìnnà sí ilé. Toyota Supra, ọkọ̀ asáré tí Toyota àti BMW jọ ṣe, wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kíkì-sítátà ni gbogbo ayé ń sọ nígbà náà. Nǹkan mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹni tó ń sùn, níbo ló ti rí iná tó fi ń jó? Kò sí rìwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Wáyà pupa tó lọ láti bátìrì sí kíkì-sítátà kì í sùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má yí i, iná wà lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Nínú Supra, àti nínú ọ̀pọ̀ BMW, bátìrì yẹn kò sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀yìn ló wà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Wáyà tí kì í sùn yìí ní láti gba abẹ́ àga ẹ̀yìn, abẹ́ ẹsẹ̀ èrò, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì níwájú.

Kí ló wá gbé bátìrì dé ẹ̀yìn? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò ìdíje ọkọ̀ yóò ní nítorí eré ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó ariwo rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Ìsẹ̀ lọ sí Èmùré pẹ̀lú àpò gààrí méjì lẹ́yìn mọ bí ẹrù ṣe ń darí ohun tó gbé e: iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọ̀kadà á máa ṣeré. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, òdìkejì èyí ló ń ṣe é. Orí rẹ̀ ló wúwo, bó bá fẹ́ yà ní kọ́nà, iwájú á fẹ́ máa lọ tààrà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ asáré wá ń wá ohun tí wọ́n lè gbé kúrò níwájú láìná owó púpọ̀, bátìrì ló sì rọrùn jù láti gbé. Mazda ṣe bẹ́ẹ̀ nínú MX-5 tó jáde ní 1989.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan wọn kìló 1,400, tí 770 wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, tí 630 sì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Iwájú ru 55 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ gbé bátìrì kìló 20 láti orí ẹsẹ̀ iwájú lọ sí orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Iwájú di 750, ẹ̀yìn di 650. 55 ti di 53 àti ààbọ̀. Níbi ìdíje, ìyẹn tó nǹkan. Lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo nínú búùtù ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó gbé sìmẹ́ńtì ní ọkọ̀ asáré.

Ìdí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti ooru. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ bátìrì, ẹ̀yìn sì tutù ju iwájú lọ. Ìdí kẹta ni pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òde òní ti kún dẹ́nu.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọjọ́, nílùú Èkó, láti 1975. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní ìdérí, ìdérí náà kì í ṣe fún ẹwà. Bí ó bá sọnù, tí ẹni tó sanra bá jókòó, irin sípíríǹgì àga lè tẹ orí bátìrì, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá náà wà. Bátìrì àti kíkì-sítátà rẹ̀ jọ ń gbé ládùúgbò kan ni, wáyà àárín wọn kò gùn. Iwájú tàbí ẹ̀yìn kọ́ ni ọ̀ràn, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wáyà ti máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé ẹyọ kan ni wọ́n ń rí. Iná nílò ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀. Wáyà pupa ni àlọ. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo irin rẹ̀, ni àbọ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí wáyà pupa bá ti bó tó sì kan irin ọkọ̀, àlọ ti pàdé àbọ̀ nìyẹn, láìgba ọ̀dọ̀ ohunkóhun tí yóò dín agbára iná kù. Àwọn ènìyàn a ní fóòtì 12 péré ni, kò lè gbé ènìyàn. Lóòótọ́ kò lè gbé yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi mẹ́káníìkì tó wọ ṣéènì ọwọ́ nígbà tí sípánà rẹ̀ kan ojú méjèèjì bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ lè ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bó bá jẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ó rí èéfín. Bó bá jẹ́ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni, ohun tó wà nítòsí ni fóòmù, aṣọ àga, àti ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táǹkì epo lábẹ́ àga ẹ̀yìn.

Gígùn wáyà tún ní owó orí tó ń gbà. Kíkì-sítátà lè fa 200 áńpù. Wáyà kọ́pà oní-50mm tó gùn ní mítà mẹ́rin yóò jẹ nǹkan bí 0.3 fóòtì lójú ọ̀nà. Oní-16mm, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò, yóò jẹ tó 0.9. Ó dà bí ohun kékeré, àfi tí ẹ bá rántí pé bátìrì fúnra rẹ̀ ti máa ń rọ̀ sí nǹkan bí fóòtì 10 nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì. Ẹni tó lo wáyà tínrín á máa ra bátìrì tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Mo fojú ara mi rí irú iṣẹ́ wáyà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, níbi tí òkè Olósùnta ti ń wo ènìyàn lókèèrè. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ló ni ín. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé bátìrì rẹ̀ sí búùtù. Ọ̀gá rìwáyà ti lu ihò sí irin ẹ̀yìn àga, etí ihò náà mú bí abẹ, wáyà pupa sì gba ibẹ̀ kọjá láìní ohunkóhun tó yí i ká. Mo béèrè fíúsì.

“Ó wà níwájú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó.” Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fíúsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tóbi, ó sì mọ́, nítòsí ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀gá, bí wáyà yìí bá wá kan irin níbí, lẹ́yìn níbí, kí ni fíúsì iwájú máa ṣe?”

Ó wo ihò, ó wo iwájú, ó rẹ́rìn-ín. “Kò ní gbọ́.”

Kò ní gbọ́ lóòótọ́. Èmi ò mọ ẹni tó lè ṣàlàyé fíúsì jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń rò pé ohun èlò ni fíúsì ń ṣọ́, pé nítorí rédíò ni wọ́n ṣe fi í sí rédíò. Wáyà ló ń ṣọ́, àti pé èyí tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló lè ṣọ́. Èyí tó wà láàárín òun àti bátìrì kò sí lábẹ́ àkóso rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fíúsì bátìrì inú búùtù fi gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù, kó sún mọ́ orí bátìrì bí ó bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó. Kí n má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà: lójú mi níbẹ̀ ló tú fíúsì wá sẹ́yìn, ó gé rọ́bà inú táyà àtijọ́, ó sì fi yí etí ihò náà ká.

Ọgbọ́n mìíràn ni BMW ta sí i, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Orí bátìrì tó lọ sí kíkì-sítátà ní ẹ̀tù kékeré kan nínú. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tí airbag bú jáde, ẹ̀tù náà á dún, á sì já wáyà kíkì-sítátà kúrò lórí bátìrì. Iná ìkìlọ̀ á ṣì máa ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn á ṣì ṣeé ṣí, nítorí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Wáyà gígùn tó lè pani nìkan ló kú.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wa láti Amẹ́ríkà, àwọn tó ti ní jàǹbá kò níye. Ẹ̀tù ti dún lóhùn-ún, orí bátìrì ti já. Níhìn-ín, wọ́n á tọ́ irin, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà, wọ́n á ra orí bátìrì lásán lọ́jà, wọ́n á sì dì í pa. Ọkọ̀ á sítáàtì. Ẹni tó rà á á rò pé BMW lòun rà.

Kódà ọkọ̀ tí kò ní jàǹbá rí kò bọ́ lọ́wọ́ wáyà gígùn. Ní 2013, BMW pe àwọn 3 Series, 1 Series àti Z4 tó lé ní 500,000 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ibi tí wáyà bátìrì ti so mọ́ àpótí fíúsì iwájú lè bàjẹ́, kí iná ọkọ̀ sì kú pátápátá lórí eré. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò tètè rí irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2016, ọkùnrin kan kú nítòsí Guildford nígbà tí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ yà fún BMW kan tó kú sójú ọ̀nà nínú òkùnkùn, tó sì kọlu igi. Ó di 2018 kí BMW tó fẹ ìpè náà dé ọkọ̀ tó lé ní 300,000 níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2007 àti 2011. Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé láti Oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìdarí wọn kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Ti Amẹ́ríkà ń wọlé ní tiwọn.

Ó ku afẹ́fẹ́. Bátìrì olómi tí wọ́n ń cháàjì máa ń tú háídírójìn jáde, afẹ́fẹ́ yìí sì lè bú gbàù bó bá ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Nínú búùtù tí wọ́n tì pa, kò rí ibi lọ. Ìdí nìyí tí bátìrì ẹ̀yìn fi ń ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ náà jáde sábẹ́ ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe bátìrì tí à ń bu omi sí. Bí èyí tó bá ọkọ̀ wá bá kú, tí wọ́n fi olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, rọ́bà yẹn á máa fì sílẹ̀ níbẹ̀, kò so mọ́ nǹkankan. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe fi lọ́fíńdà bò ó.

Ṣé wáyà bátìrì ló ń jó àwọn ọkọ̀ tí a ń rí eegun wọn lẹ́bàá ọ̀nà? Iná kì í sábà fi ẹ̀rí sílẹ̀, n kò sì ní di ẹrù gbogbo wọn lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún, kìló 20 tí a gbé kúrò níwájú kò tó ewu mítà mẹ́rin wáyà tí a fi rọ́pò rẹ̀, pàápàá nísinsìnyí tí àwọn tó ń yí ọkọ̀ sí CNG láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023 ń gbé sílíńdà gáàsì sínú búùtù kan náà. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wà níwájú láti ilé-iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ sì bá bátìrì ẹ̀yìn wá, kó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kó wo orí bátìrì bóyá ti ilé-iṣẹ́ ni, kó wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bóyá ó so. Kó sì tẹ nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ sí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, kó rí i bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn. Àmì 17 ni nọ́ńbà náà. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò náà.