Níbo ni áàpù yín ń kó ẹrù rẹ̀ sí lórí cloud?

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè gbé áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí cloud. Àwọn kan ń pè é ní àwọsánmà, àmọ́ kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run o! Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn la yá lò, a sì ń sanwó ohun tí a bá lò.

Ká ní ẹ fẹ́ ṣe áàpù kékeré kan fún ẹbí. Ẹni tó wà ní London, ẹni tó wà ní Toronto àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn á máa gbé ohùn màmá àgbà sínú rẹ̀: oríkì, àlọ́, ìtàn ìdílé. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá sọnù, kò sí ọjà tí a ti lè rí i rà. Torí náà, ẹ fi ohun kan sọ́kàn kí ẹ tó kọ kóòdù: kọ̀ǹpútà tí áàpù yín ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi ìpamọ́.

Ẹ wo Cloud Run ti Google, èyí tí mo fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú container ni kóòdù yín máa wà. Container dà bí ẹrù tí èèyàn dì fún ìrìn àjò: gbogbo ohun tí áàpù nílò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ inú fódà kóòdù yín, ẹ tẹ àṣẹ yìí:

gcloud run deploy --source .

Google á bá yín di ẹrù náà. Ẹ ṣáà rí i pé áàpù yín ń ka nọ́ńbà PORT tí Cloud Run fún un. 8080 ni, àfi tí ẹ bá yí i padà.

Bí kò bá sí ẹni tó ń lò ó, Cloud Run lè pa gbogbo ẹ̀dà áàpù náà. Bí èrò bá dé, á tan òmíràn. Bí èrò bá pọ̀, á tan méjì tàbí mẹ́ta. Èyí dára fún àpò wa, àmọ́ inú mẹ́mọ́rì ẹ̀dà náà ni fáìlì tí áàpù kọ síbẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀dà yẹn, fáìlì ti lọ nìyẹn. Ó dà bí àtẹ ọjà: ẹ pàtẹ láàárọ̀, ẹ palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Ta ló ń fi góòlù sílẹ̀ lórí àtẹ mọ́jú?

Ohun tó ń tan èèyàn ni pé lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, kò sóhun tó máa sọnù. Ẹ dán an wò lónìí, ohùn wà. Lọ́la, ó ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ pín ẹrù yín sí mẹ́ta:

1. Ohùn, àwòrán àti fídíò: ẹ kó wọn sí Cloud Storage. Ẹ tan Object Versioning níbẹ̀, kí ẹ̀dà àtijọ́ lè wà bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́.

2. Orúkọ, ọjọ́ àti ìlú ẹni tó sọ̀rọ̀: inú database ni. Cloud SQL ń jẹ owó níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní títàn, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó. Firestore ní ìwọ̀n ọ̀fẹ́ lójúmọ́, ó sì tó fún áàpù ẹbí.

3. Password àti kọ́kọ́rọ́ API: ẹ fi wọ́n sí Secret Manager, ẹ má kọ wọ́n sínú kóòdù. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé orí GitHub, pípa á rẹ́ nìkan ò tó, torí Git ń rántí àtẹ̀yìnwá. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ni.

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra: budget alert kàn ń fi ìmeèlì kì yín nílọ̀ ni, kì í dá ìnáwó dúró. Ẹ tún fi ààlà sí iye ẹ̀dà tí Cloud Run lè tàn. Méjì tàbí mẹ́ta tó fún ẹbí. Ní ti ibi tí áàpù máa wà, ẹ yan ibi tó sún mọ́ èrò yín: europe-west2 ni London, northamerica-northeast2 ni Toronto, southamerica-east1 ni São Paulo, africa-south1 sì ni Johannesburg.

Kí ẹ tó pe ẹbí, ẹ ṣe ìdánwò yìí: ẹ gbé ohùn kan sínú áàpù, ẹ tún tẹ àṣẹ òkè yẹn, kí ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ṣé ohùn náà ṣì ń dún? Ó ti tọ́ nìyẹn. Ṣé kò dún mọ́? Ó sàn kí ẹ mọ̀ báyìí, kí màmá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ oríkì.

Fún ẹ̀yin tó ń kọ́ Yorùbá: "pàtẹ" ni ká to ọjà sílẹ̀ fún títà, "palẹ̀ mọ́" ni ká kó o kúrò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.