Ẹ wo ẹ̀yìn dikódà kí ẹ tó tú àpò

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Bọ́ládé,

Ọ̀rọ̀ owó la mú wá. Nígbà tí fíìmù Living in Bondage jáde ní 1992, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n ti tà á, ọ̀pọ̀ wa sì ra ẹ̀rọ fídíò. VCD dé, a tún ra tiẹ̀. DVD dé, a rà. Ní báyìí, fláàṣì làwọn ọmọ ń kó fíìmù sí, wọ́n sì ní ká tún ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn dikódà tó wà nílé ná. Bí ihò USB bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ rà ti wà lọ́wọ́ yín.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo béèlì òkìríká. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í pinpin kó má gba àyè. Ìgbà tó bá dé ìsọ̀ la tó tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń di àwòrán tẹlifíṣàn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ láti ojú sánmà. Díìṣì gbà á, dikódà tú u. Fíìmù inú fláàṣì náà, dídì ni wọ́n dì í.

Kí ló wá dé tí àwọn dikódà kan kì í fi í ṣe é? Kọ̀ǹpútà kékeré ni dikódà, ètò kan ló ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ètò tiwọn pa: ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe. Àwọn mìíràn ṣí i sílẹ̀. Dreambox, tí ilé iṣẹ́ Jámánì kan ṣe, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́, ètò tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 tó sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé. Ó dà bí olóúnjẹ tó ta ọbẹ̀ fún wa, tó tún kọ́ wa bí òun ṣe sè é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe, kó sì fi kún un. Irú dikódà bẹ́ẹ̀ lè lu orin, ó lè fi fọ́tò hàn, ó lè gba eré sílẹ̀ dè wá títí a ó fi ti ọjà dé. Ó tún lè fa fíìmù láti inú kọ̀ǹpútà ilé gba inú wáyà. Bí owó oṣù bá tán, fíìmù ìgbéyàwó ọmọ yín ṣì ṣeé wò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, tuntun tàbí tòkunbọ̀:

1. Ẹ mú fláàṣì tiyín dání. Kí fíìmù inú rẹ̀ hàn lójú yín kí ẹ tó sanwó.

2. Bí ohùn bá ń jáde tí àwòrán ò hàn, ó lè jẹ́ pé H.265 ni wọ́n fi di fíìmù náà. Dikódà àtijọ́ kì í sábà mọ̀ ọ́n tú. Ẹ béèrè fún H.264.

3. Fíìmù kan ṣoṣo tó bá wúwo tó 4 GB kò lè wọ fláàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ètò tí a ṣí sílẹ̀ túmọ̀ sí wíwo ìkànnì olówó lọ́fẹ̀ẹ́. Olè nìyẹn. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, owó yín wọmi. Fíìmù pẹ̀lú, ọjà ẹlòmíì ni. Ẹ ra ojúlówó, bí àwa náà ò ṣe fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà wa lọ láìsanwó.

Owó tí a fi òòrùn àti òjò pa, kì í ṣe owó àfiṣòfò. Ire o.